Èédú Erékùṣù

Ní gbogbo Agége, kò sí alágbàfọ̀ tó mọ iṣẹ́ tó ẹ̀gbọ́n mi Àlàmú. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá bá mi. Mo tètè sọ èyí, kí ẹ má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe tán kí ẹ máa bú wọn lójú mi.

Lọ́dún 1958, mo ń bá Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn ṣiṣẹ́, ẹni tó lọ kọ́ ìmọ̀ ohun àtijọ́ inú ilẹ̀ ní òkè òkun. Oṣù méjì la fi walẹ̀ ní erékùṣù kékeré kan nínú ọ̀sà, tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Lábẹ́ òkìtì ìkarahun, níbi tó jìn tó ìdúró ọkùnrin méjì, a kan ojú ààrò kan. Àwọn kan ti wa ọkọ̀ débẹ̀ rí, wọ́n dáná, wọ́n sun ẹja jẹ, kí ẹnikẹ́ni tó mọ Èkó ní ìlú. Èédú wọn ṣì wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣà á, omi ń bọ́ lójú mi.

Ilé iṣẹ́ kan ló ń fa iyanrìn erékùṣù náà láti fi kọ́ ilé ẹ̀rọ ní Ìkẹjà. Ìjọba ní àwọn yóò dá wọn dúró bí a bá fi hàn pé àwọn ará àtijọ́ gbé ibẹ̀ lóòótọ́. Èédú yẹn nìkan ni ẹ̀rí tí a ní, torí ẹ̀rọ kan wà ní ìlú òyìnbó tó lè sọ ọjọ́ orí igi tó ti jóná. Ọjọ́ kẹta tí a kó o jáde, ilẹ̀ ibẹ̀ ya sínú omi, ààrò náà sì bá a lọ. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa kò ju agolo bisikíìtì kan lọ.

Àárọ̀ Jímọ́ọ̀ ni bàálù yóò gbé e lọ sí ìlú òyìnbó. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo gbé agolo náà dé ilé ẹ̀gbọ́n mi. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó ti àjò dé kì í fọwọ́ lásán wọlé tọ àgbà. Ọwọ́ lásán ni mo sì fi dé. Mo gbé agolo náà kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn.

“Kí lo gbé bọ̀ yìí, Dàwódù?”

“Èédú ni, ẹ̀gbọ́n. Láti erékùṣù.”

Wọ́n ṣí i, wọ́n fọwọ́ pa á, inú wọn dùn. “Ó mà gbẹ dáadáa o. Ọlọ́run á bù kún ẹ.”

Mo mọ̀ pé wọ́n ti gbà á ní ẹ̀bùn àjò. Ojú tì mí láti sọ pé kì í ṣe tiwọn. Mo ní bí ilẹ̀ bá mọ́, màá ṣàlàyé.

Nígbà tí mo kírun àárọ̀ dé láti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbọ́n mi ti wà nídìí tábìlì ìlọṣọ. Òjò ti rin gbogbo èédú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n na bùbá àti ṣòkòtò funfun mi sí mi, ó gbóná, ìlà rẹ̀ gún gbọọrọ.

“Mo fẹ́ kí ọ̀gá ẹ mọ̀ pé o lẹ́gbọ̀n-ọ́n,” ni wọ́n wí. “Èédú tó o mú wá yẹn, kò ta pàrà rárá. N ò rírú ẹ̀ rí.”

Agolo náà ti ṣófo. Mo ṣí ìdérí áyọ́ọ̀nù eléèédú wọn, mo ti ọwọ́ bọ inú iná. Eérú ni, àti ẹ̀rúnrún pupa díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti da èédú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi iná yá gbẹ lé e lórí, n kò mọ èyí tó jẹ́ tiwa mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn tán, ẹnu wọn kò lè pa dé. “Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀ lánàá?”

Wọ́n sáré lọ sílé Fàúsát tó múlé tì wá, wọ́n bu èédú ìdáná rẹ̀ wá, wọ́n kó o sínú agolo náà.

“Èédú náà ni, Dàwódù. Ta ló máa mọ̀?”

Ẹ̀rọ á mọ̀. Á ní ọdún yìí ni wọ́n dáná náà, àwọn oníyanrìn á sì fi ìwé èsì náà yọ̀ wá. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì gbé agolo náà lọ. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ọ̀gá Fọlárìn ti ń dúró dè mí ní pápá bàálù Ìkẹjà, tàwọn ti okùn ìdìrù. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gba agolo náà, bí ẹni gba ọmọ tuntun.

“Tí èyí bá ti dé ọ̀hún, kò sẹ́ni tó tún máa sọ pé èèyàn ò gbébẹ̀ rí.” Wọ́n yọ kálàmù láti kọ orúkọ àwa méjèèjì sí i lára.

Mo di ọwọ́ wọn mú. “Ọ̀gá, ẹ má kọ ọ́.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n wo inú agolo náà títí.

“Èyí tòótọ́ wá dà?”

Mo na apá bùbá mi sí wọn. Ohun tó kù nìyẹn tí mo lè fi hàn. Wọ́n fi ìka kan tọ ojú ìlà náà láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, a jọ wà níbẹ̀ títí bàálù fi gbéra.

Kí ọdún tó yípo, erékùṣù náà ti tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo kọjá níbi tí wọ́n ti ń mọ ilé ẹ̀rọ kan lẹ́bàá Àgídìngbì, mo rí ìkarahun nínú òkìtì iyanrìn. Mo mú ẹyọ kan, mo gbé e dé Agége, mo fi í lélẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, wọ́n wò mí lójú.

“Dàwódù,” ni wọ́n wí, “ṣé tèmi ni, àbí ṣe lo ní kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀?”