Àmì Abẹ́ Àgbọ̀n

Oníborùn ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ìborùn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Fayolíìnì ló ń ta. Alábòójútó ààfin ní kó yan orin tí yóò ta fún àwọn àlejò, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún obìnrin mọ́kànlá tí àwòrán wọn wà ní gbọ̀ngàn ọba, orin àtijọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé kí bàbá ńlá wa tó dáyé. Mẹ́wàá ti rí tiwọn gbà. Ayaba tó fajú ro gba orin ijó tó yára, kí ara rẹ̀ lè yá díẹ̀.

Ìkọkànlá ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. “Obìnrin kan” ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá rí orin fún un kí ọ̀sán tó pọ́n, wọn yóò dá àwòrán náà padà sí yàrá ẹrù, níbi tó ti wà láti ọdún gbọọrọ. Ta tiẹ̀ ni obìnrin yìí? Kí ló ń ṣe láàfin? Oníborùn fẹ́ mọ̀ débi pé ó fi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀, ó gba gbọ̀ngàn lọ.

Bàbá Olówùú, àgbàlagbà tó máa ń fi òwú nu àwòrán, ti gun àkàsọ̀ níwájú àwòrán kọkànlá.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Kí lẹ fẹ́ nù?”

“Ìdọ̀tí ni, ọmọ mi. Lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ lápá òsì. Ibí yìí nìkan ló dọ̀tí.”

Oníborùn sún mọ́ ọn. Àmì dúdú rubutu kan ni. 

“Bàbá, ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!”

Ó tú ìborùn. Àmì kan náà wà lọ́rùn tirẹ̀, níbi tí fayolíìnì ti ń ha á láti ogún ọdún. Ìyá rẹ̀ ló ní kó máa bò ó, kí aráyé má baà sọ pé ọkùnrin ló bù ú jẹ.

Bàbá wo ọrùn kan, ó wo ìkejì. “Yéè! Díẹ̀ ló kù kí n nu iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ dànù!” Ó yọ pẹ́ńsùlù, ó sì fi “tó ń ta fayolíìnì” kún “Obìnrin kan.”

Orin kò ṣòro mọ́. Èyí tí fayolíìnì kan ṣoṣo ń dá kọ ni Oníborùn mú.

Lọ́jọ́ tí àlejò pé, ìyá rẹ̀ jókòó níwájú. Ó rí ọrùn ọmọ rẹ̀ láìsí ìborùn, ó sì ń fọwọ́ kan ọrùn tirẹ̀ pé kó tètè bò ó. Oníborùn mirí. Ó kọjú sí àwòrán kọkànlá, ó gbé fayolíìnì lé orí àmì náà, ó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá gbójú sókè wo obìnrin inú àwòrán. Ó rí àmì kan náà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ó wá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.