Ayùn Ẹ̀gbẹ́ Àlùbọ́sà

Ohùn fáìlì lára ayùn ni mo fi ń jí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kì í ṣe ohùn tó dùn. Kíríì, kíríì, kíríì, bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Á dákẹ́ díẹ̀, bàbá wa á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí eyín ayùn, á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, á di ojú kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi á fi aṣọ ìbora bo etí lórí ẹní. Ohùn yìí kan náà wà nínú fóònù mi lónìí tí mo ti darúgbó sí ilẹ̀ tí wọn ò bí mi sí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ kó ké, eyín á kan mí, ojú á sì tì mí. Ti eyín, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ti ojú ni mo fẹ́ sọ.

Káfíńtà ni bàbá wa. Òfin kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ga ju gbogbo òfin yòókù lọ: ẹnìkan, ayùn kan. O ò gbọdọ̀ ra òmíràn àfi tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bá ti di tín-ín-rín bí ọ̀bẹ nítorí pípọ́n. Nítorí náà, bí a bá rí ayùn mẹ́ta lára ògiri káfíńtà kan, a ti mọ̀ pé èèyàn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀gá pẹ̀lú ọmọṣẹ́ méjì. A kì í béèrè. Bí wọ́n bá sọ fún bàbá wa pé lágbájá káfíńtà ti là, kò ní béèrè ilé tàbí ọkọ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ayùn mélòó ló gbé kọ́ ògiri?" Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló kó bá mi.

Èmi ni àgbà, ṣùgbọ́n àbúrò mi ló mọṣẹ́. Bí ó bá la pákó, ẹ ó rò pé abẹ ló gé e. Bàbá sọ ọ́ ní Ọwọ́-ò-gbọ̀n. Ní tèmi, bàbá ní igi máa ń sunkún bí mo bá ti ń bọ̀ lókèèrè. Nígbà tí bàbá jáde láyé, ṣọ́ọ̀bù di ti Ọwọ́-ò-gbọ̀n. Èmi rìn jìnnà. Mo ní mò ń lọ ṣiṣẹ́ igi níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe é.

Mo sì ṣiṣẹ́ igi lóòótọ́, bí a bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tábìlì gbà mí. Ẹ̀rọ ló ń la igi, ẹ̀rọ ló ń fá a, ẹ̀rọ ló ń kùn ún. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa fi páálí wé ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà họ nínú ọkọ̀. Mo wé ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo ti tábìlì síwájú, òmíràn dé. Ọdún ń gorí ọdún, n ò fọwọ́ kan ayùn. Yàrá kan ni mò ń gbé, lókè ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ fún gbogbo àdúgbò. Bí ẹ̀rọ wọn bá ń fún aṣọ, ilẹ̀ yàrá mi á máa gbọ̀n, ife tí mo gbé sórí tábìlì á sì rìn fúnra rẹ̀ dé etí, bí ẹni tí ilé náà ti sú.

Ilé ìtajà pọ́ọ́kú ni mo ti ń ra oúnjẹ. Wọn kì í to ọjà síbẹ̀ bí àwọn ilé ìtajà olówó ṣe ń ṣe. Páálí tí ọjà bá bá wá ni wọ́n á fi abẹ la ojú rẹ̀, wọ́n á gbé e kalẹ̀, tìrẹ ni kó o bẹ̀rẹ̀ mú. Kẹ̀kẹ́ ọjà wọn ò mọ ọ̀nà kan ju òsì lọ. Obìnrin tó ń gbowó kì í wo ojú èèyàn: á fi ọjà han ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ké píì, á tì í sọ́dọ̀ rẹ. Bí o ò bá tètè kó o, mílíìkì rẹ á lọ bá ẹyin ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ. Oúnjẹ wà lọ́tùn-ún, oúnjẹ wà lósì, ṣùgbọ́n láàárín gbùngbùn ni àwọn agbọ̀n onírin ńláńlá wà, tí ohun inú wọn máa ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ìbọ̀sẹ̀ àti ìdérí ìkòkò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òòlù, ìṣó, àkàbà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu igi.

Àwa tí a jọ ti ilé wá, gbogbo wa là ń lọ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń lọ. Bí a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, kálukú á ní òun kàn yà wá ra ọṣẹ ni. Tèmi tiẹ̀ tún lé kenkà. Mo ní àpò ilé ìtajà olówó kan, dúdú, tó ń dán, tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ orúkọ sí lára. Ẹnìkan ló sọ ọ́ nù níbi iṣẹ́. Mo máa ń ká a sínú ṣòkòtò bí ẹni gbé oògùn. Bí mo bá sanwó tán, inú rẹ̀ ni mò ń kó gbogbo rẹ̀ sí, títí kan búrẹ́dì tí wọ́n lẹ bébà pupa ẹ̀dínwó mọ́ nítorí pé ó ku díẹ̀ kó le. Màá wá gba ojú títì lọ sílé, orí sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ayùn níbẹ̀, àlùbọ́sà ni mo bẹ̀rẹ̀ mú. Mo gbójú sókè báyìí, wọ́n kó ayùn jọ gègèrè sínú agbọ̀n ẹ̀gbẹ́ àlùbọ́sà, ọwọ́ wọn pupa bí ata, ìkan lórí ìkejì bí igi ìdáná. Owó rẹ̀ kò ju ti oúnjẹ àárọ̀ lọ. Mo yọ ọ̀kan, mo gbé e sókè sí iná, mo di ojú kan. Obìnrin kan tó ń ṣa kárọ́ọ̀tì sún sẹ́yìn. Kí ni màá sọ fún un? Mò ń ro ayùn bàbá lọ́wọ́ àbúrò mi, bó ṣe tín-ín-rín tó. Mo rà á, mo fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Nígbà tí wọ́n tún kó o dé, mo tún rà. Ọmọ káfíńtà ni mí; n ò lè rí ayùn tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùbọ́sà kí n gbójú kúrò. Kí ọdún tó yí po, ó di mẹ́rin.

Àbúrò mi kì í kọ̀wé. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, irin yìí mà le o! Mo gbé fáìlì lé e, fáìlì ń yọ̀, eyín ayùn ń wò mí níran! Ayùn àwọn ọ̀gá rèé."

Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀. Wọ́n ti fi iná mú eyín rẹ̀ le débi tí kò ṣé pọ́n. Bí ó bá kú, ó kú náà nìyẹn, ẹ jù ú sẹ́yìn ilé.

Nígbà tí ìkẹrin dé ọwọ́ rẹ̀, ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀. Ẹ má fi pa mọ́ fún mi mọ́."

"Kí lo mọ̀?"

"Ayùn mẹ́rin tẹ́ ẹ lè yọ̀ǹda láàárín ọdún kan! Mélòó ló wá kù lára ògiri yín? Ẹ ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ẹ ti kó ọmọṣẹ́ jọ bí eéṣú, ẹ wá ń ṣe jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ò jẹun kánú."

Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ó gbọ́ ẹ̀rín, ó kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ará ilé lọ́hùn-ún ń pè mí ní Ọ̀gá Àwọn Ọ̀gá, èmi tí mò ń fi páálí wé ẹsẹ̀ tábìlì.

Ohùn mìíràn wá dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń wọ bàtà iṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rẹ́ni ra ṣọ́ọ̀bù. Alápatà ni. Tábìlì iṣẹ́ bàbá á bá a lọ; ó ní igi rẹ̀ nípọn, ó máa gba àdá. Sátidé ló ń bọ̀ wá sanwó. Owó yẹn ni màá fi wọkọ̀ wá bá yín. N ò béèrè ipò o. Ẹ ṣáà fún mi ní igun kan láàárín àwọn ọmọṣẹ́ yín, kí n máa bá wọn pọ́n ayùn."

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo rí tábìlì bàbá, mo rí àdá alápatà lórí rẹ̀. Mo rí àbúrò mi pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá yìí, tó ń wá ògiri tí ayùn wà. Mo kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ, mo tún pa á rẹ́. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àwọn àgbà yẹn ò ní àbúrò tó fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù.

Bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe lọ nìyẹn. Nígbà tó di ọ̀sán Jímọ̀, tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mo gba ilé ìtajà pọ́ọ́kú lọ, nítorí pé ebi kì í dúró de ìtìjú. Ẹ gbọ́, wọ́n tún ti kó ayùn dé. Ọwọ́ mi ti mú ọ̀kan kí orí mi tó mọ̀. Mo sanwó, mo kó ẹrù sínú àpò olówó mi, mo kọrí sẹ́nu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ìyá Aránṣọ, ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ti ilé wá, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọṣọ nísàlẹ̀ ilé mi. Obìnrin náà lẹ́nu bí abẹ́rẹ́.

"Bàbá Olówó, ẹ kú ọjà o."

"Ẹ ṣé o. Mo kàn yà wá ra ọṣẹ ni."

Ó wo àpò mi. "Ọṣẹ wo ló ní eyín báyìí?"

Mo bojú wolẹ̀. Eyín ayùn ti gé àpò náà, ó ti yọ síta, ó sì ń gé e lọ. Kí n tó fọwọ́ bò ó, àpò ya láti ẹ̀gbẹ́ dé ìdí. Àlùbọ́sà yí lọ sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ọjà. Agolo ẹja ró gbàǹgbàlà. Búrẹ́dì gun orí bàtà ọkùnrin kan tó tò sórí ìlà, bébà pupa rẹ̀ kọjú sókè bí ojú egbò. Gbogbo ìlà yíjú. Bí ilẹ̀ bá lanu ni, ǹ bá wọlé, ǹ bá tún bá a pa ìlẹ̀kùn dé.

Ìyá Aránṣọ ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àlùbọ́sà, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. "Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé ó jọ pé ilé ìtajà olówó yẹn ò ní ọṣẹ míì ju èyí tó ń rùn bí àlùbọ́sà."

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ta ni ò mọ̀? A kàn ń bá yín gbé e ni, kó má baà wúwo jù fún yín." Ó na ayùn sí mi. "Èyí ńkọ́? Iṣẹ́ páálí lẹ ń ṣe. Ta lẹ rà á fún?"

N ò mọ bí ẹnu mi ṣe là. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ ọjà níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òfin bàbá, ayùn mẹ́rin, ẹ̀rín tí mo rín, alápatà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Sátidé wo?"

"Ọ̀la."

"Ọ̀la! Ẹ sì wá ń ra àlùbọ́sà! A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Bàbá. Ẹ̀yin ń se ọbẹ̀ lábẹ́ ẹ̀!"

"Ojú ló ń tì mí."

"Ojú ti tì yín tán lónìí. Ẹ wẹ̀yìn. Gbogbo ìlà yìí ló ti rí búrẹ́dì yín. Èwo ló wá kù tẹ́ ẹ fẹ́ pa mọ́ fún ọmọ ìyá yín?"

Mo padà wọlé, mo dúró láàárín agbọ̀n ayùn àti páálí àlùbọ́sà, mo gbé fóònù mi fún un pé kó ya àwòrán mi. Mo mú ayùn ní ọwọ́ kan, àpò yíya ní ìkejì.

"Ẹ rẹ orí yẹn sílẹ̀," ló wí. "Ẹ ò joyè."

Lẹ́yìn náà, ó lọ ra ọṣẹ tirẹ̀. Ọṣẹ gidi. Mo jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà níta, níbi tí wọ́n ti ń dá kẹ̀kẹ́ ọjà padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù. Ojú ṣì ń tì mí, kò dín. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí n ò pa á rẹ́. Mo fi àwòrán náà sí i, mo sì fi ránṣẹ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Ọwọ́-ò-gbọ̀n, àbúrò mi, má ta ṣọ́ọ̀bù. N kò ní ṣọ́ọ̀bù níbí. N kò ní ọmọṣẹ́. N kò ní ayùn kankan lára ògiri. Ẹsẹ̀ tábìlì ni mò ń fi páálí wé. Wo àwòrán yìí dáadáa: ibi tí mo ti ń ra àlùbọ́sà ni mo ti ń ra ayùn tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ọ. Fáìlì kò wọ̀ ọ́ nítorí pé wọn kò ṣe é kó pẹ́. Bó bá kú, sọ ọ́ nù. O rò pé mo ti là, mo rẹ́rìn-ín, n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú ń tì mí gan-an. Dá alápatà padà lọ́la. Bí o bá ti dá a padà, má sọ nǹkan kan fún mi. Gbé ayùn bàbá sórí tábìlì bàbá, pọ́n ọn, kí o fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."