Nẹ́ẹ̀tì Inú Ọ̀rá Dúdú

…kí ló dé tó jẹ́ òní ló gbé e wá? Ìyàwó bíríkìlà. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọ̀rá dúdú lé itan bí ẹni tó gbé ẹyin. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé yàrá abẹ́rẹ́. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wa ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ etí rẹ̀ tó yọ síta yẹn.

Alábẹ̀wò sì wà níbẹ̀, ó ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọba òkèèrè tó ń fún wa ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ló rán an. Àdéhùn wọn ò lọ́jú pọ̀: kí obìnrin fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́, kí a má fi ẹ̀bùn fà á. Tó bá rí nẹ́ẹ̀tì yẹn, tó bá bèèrè ẹni tó fún un àti ìdí tó fi fún un… oògùn dópin nìyẹn. Gbogbo àwọn tó jókòó yìí, ibo ni wọ́n á gbà?

Ẹ̀bùn kọ́ ṣá. Nẹ́ẹ̀tì ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa, mo ní kí ẹni tó bá gba ti apá, oògùn tí à ń fi sábẹ́ awọ, máa mú ọ̀kan lọ sílé. Dókítà wa rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe ìjẹ lẹ fi sẹ́nu ìwọ̀ yẹn?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gba ti apá… Àwọn tí kò gbà á ńkọ́? Ẹ̀fọn kì í jẹ wọ́n ni?

Lọ́jọ́ tí ìyàwó bíríkìlà kọ́kọ́ wá, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ibà ń ṣe ọmọ náà. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá nẹ́ẹ̀tì ṣì wà. Mo ní ó wà. Ó ká apá aṣọ sókè, kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló ń wà lókè. Tèmi ló wà lókè lọ́jọ́ náà. Mo ṣàlàyé fún un. Àní mo ṣàlàyé… lẹ́yìn tí mo ti fi sí i lápá tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n yọ ọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo ní kó ní sùúrù, ara rẹ̀ á gbà á. Ó wolẹ̀. "Mo mọ̀, Màmá. Nẹ́ẹ̀tì ò tíì mọ́ ni." Mo rò pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni. Mo pe ẹlòmíràn wọlé.

Ó ti mọ́ báyìí. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a dáadáa. Kí ni ọmọ yẹn sùn sábẹ́ rẹ̀ lánàá? Ó gbé e wá kí n gba tèmi, kí n dá apá rẹ̀ padà fún un.

Alábẹ̀wò kọ ẹ̀yìn sí i. Mo lè pe obìnrin náà wọlé kíá, kí n gba ọ̀rá náà, kí n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n yọ ti apá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀…

Ṣùgbọ́n tí mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a jẹ́ pé nẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo fi ra apá rẹ̀ lóòótọ́.