Ojú Ọgbẹ́ Ara Òwìwí

Ládélé kò lè rí ibi tó sán kó má tún un ṣe. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi jó irin mọ́ irin ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fọ epo ní Deer Park, lẹ́bàá Houston, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù: bó bá dé ilé onílé, páìpù wọn ló ń wò. Nítorí náà, nígbà tí Tófúnmi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, gbé owó fàdákà ayé àtijọ́ sórí tábìlì ìjẹun rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, kì í ṣe orí obìnrin tó wà lójú owó náà ló kọ́kọ́ rí, kì í sì í ṣe òwìwí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gé òwìwí náà lára ló rí.

"Ta ló gé e báyìí?"

"Long story, Daddy. Màá ṣàlàyé tí mo bá dé. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ till Monday. Fulshear ni mò ń lọ, àwọn ọmọ friend mi yẹn, they touch everything."

Ó lọ. Ládélé jókòó ti owó náà. Ó ti tó ọdún méjì tí àárín òun àti ọmọ yìí ò ti gún. Engineering ni bàbá fẹ́. Ọmọ ní ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́ lòun máa kà, bí wọ́n ṣe ń wa fàdákà àti bí wọ́n ṣe ń fi ṣe owó. Ládélé sọ nígbà náà pé òun ò rí ohun tí èèyàn ń kà nínú owó tí kò ṣeé ná. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ. Òun náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, Tófúnmi yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ láti gbèjà ìwé tó kọ, owó yìí ni yóò sì gbé kalẹ̀. Owó iṣẹ́ tó fi gbogbo ìsinmi ṣe ló fi rà á. Lójú Ládélé, wọ́n ti ta ọjà tó bàjẹ́ fún ọmọ òun, ọmọ ò sì mọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é.

Ó gbé owó náà lọ sí gáréèjì. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ kì í jó ibi tó dọ̀tí, nítorí náà ó fi gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá wo inú ojú gígé náà fínnífínní, ó wá fi fínígà àti búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ̀ ọ́ títí tó fi funfun. Lẹ́yìn náà ló yọ́ wáyà fàdákà sínú rẹ̀, ó fi sánpépà dán an. Àfi ẹni tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló lè sọ pé ohunkóhun gé òwìwí yẹn rí. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń súfèé.

Ní Mọ́ńdè, Tófúnmi gbé owó náà, ó yí i, ó tún yí i. Kò pariwo. Ó fa àga, ó jókòó.

"Daddy, where's the cut?"

"Mo ti bá ẹ dí i. Wò ó, kò tiẹ̀ hàn mọ́."

"The cut is my thesis, Daddy."

Ó wá ṣàlàyé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún aláìsàn. Nínú ihò tí èèyàn ò lè nàró ni àwọn ẹrú ti ń wa fàdákà lágbègbè Áténì. Àwọn oníjìbìtì a máa fi fàdákà bo bàbà, kí wọ́n lè ná an ní owó gidi. Ìlú wá ṣòfin, wọ́n fi ẹrú kan sídìí tábìlì àwọn tó ń ṣẹ́ owó lọ́jà, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá jẹ́ ayédèrú, yóò gé e, yóò gbà á. Bí kò bá wá síbi iṣẹ́, àádọ́ta pàṣán. Òfin náà ò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ọjà ń tẹ̀lé. Bí owó náà bá sì dé òkèèrè, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ a tún gé e fúnra wọn, kí wọ́n lè rí inú rẹ̀. Irú èyí ni wọ́n gé sára òwìwí yìí.

"Ìdọ̀tí inú ẹ̀ la fẹ́ yẹ̀ wò on Wednesday," ó ní. "Òun ló máa jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gé e."

"Mo lè yọ́ fàdákà yẹn jáde. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

"Ìdọ̀tí ńkọ́?"

Ládélé fi èékánná ha ojú ibi tó dí.

Ojú ọmọ náà bọ́ sí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Ládélé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston, wọ́n ní kó jó páìpù méjì pọ̀. Wọ́n wá gé ojú ibi tó jó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, wọ́n ń wò ó bóyá yóò sán. Kò sán, ó sì rí iṣẹ́ gbà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń tọ́jú irin tí wọ́n tẹ̀ náà.

"Èyí ńkọ́? Kí ló dé tẹ́ ò tún un ṣe?"

"Kí n tún kí ni ṣe? Bí wọn ò bá gé e, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé..." Ojú tì í gan-an.

Lọ́jọ́bọ̀, Ládélé ló fi mọ́tò gbé ọmọ náà lọ sí yunifásítì, ó sì jókòó sẹ́yìn. Evelyn ni àgbà nínú àwọn olùkọ́ náà, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ló sì ń pe orúkọ rẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀ yẹn, èyí tí kò yé Ládélé títí dòní. Obìnrin náà béèrè báwo ni àwọn ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹni tó ta owó náà ló gé e lọ́dún tó kọjá. Tófúnmi ní òun ò lè fi hàn mọ́, wọ́n ti fọ inú rẹ̀. Kò dárúkọ ẹni tó fọ̀ ọ́. Evelyn mú bírò, ó fẹ́ máa fa ìlà pa ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa owó náà.

Ládélé dìde.

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́, ma," ó sọ ọ́ lédè òyìnbó. "Mo wò ó kí n tó fọ̀ ọ́. Irin mímú ni wọ́n fi gé e, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbá a. Dúdú tó wà nínú ẹ̀ ti jẹ fàdákà, kì í ṣe dúdú ọdún kan. Kò sì sí bàbà níbẹ̀. Ojú mi ti ń wo inú irin fún ọdún mẹ́tàdínlógún."

Evelyn gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní èyí kì í ṣe ẹ̀rí máíkíróskóòpù, ṣùgbọ́n ó ní kí Tófúnmi kọ ọ́ síbẹ̀ bí ẹni tó rí i ṣe sọ ọ́. Ó béèrè orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀.

"Ládélé Akínṣọlá. Wẹ́dà." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Má yọ ọ́ o, pé èmi ni mo bà á jẹ́."

"Mi ò ní yọ ọ́, Daddy." Ó ti ń kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n dé inú mọ́tò, Ládélé ò tí ì ṣíná mọ́tò. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà lórí itan ọmọ rẹ̀. Tófúnmi fẹ́ ṣí i sí ibi tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà, bàbá ní kó fi sílẹ̀. Láti ojú ewé kìn-ín-ní ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.