Ohùn Ìbọn Bàbá Ọláìtán

Fọláyọ̀ fi okùn so ọ̀pá ìbọn náà rọ̀ sára àjà, ó wá fi ṣíbí onígi gbá a lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ fetí sí i."

Ohùn náà kú lójú ẹsẹ̀, bí ìkòkò tó ti sán. Ọ̀pá tó bá yè máa ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ọláìtán rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ni ní Wharf Road. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Fọláyọ̀ àti bàbá rẹ̀ ti ń tún ìbọn ṣe ní Ajégúnlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, pẹ̀lú ẹyinjú tí ọkàn ọmọbìnrin lè rì sí.

"Sisí oníbọn, agogo kọ́ ni mo gbé wá o. Ọ̀la la máa sìnkú bàbá mi. Èmi ni àkọ́bí, ìbọn wọn yìí ni mo sì gbọ́dọ̀ yìn létí sàréè. Bàbá yín ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú ilé. Èmi ni mo ń yẹ ìbọn wò báyìí."

Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ló bẹ́ mọ́ bàbá Fọláyọ̀ lọ́wọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìka méjì péré ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ọ̀tún wọn.

Fọláyọ̀ yí ọ̀pá ẹlẹ́nu méjì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí okùn. Igi ìdí ìbọn náà, tó wà lórí tábìlì, le dáadáa. Òdòdó tí òyìnbó fín sára irin rẹ̀ ṣì hàn kedere. Ó tó tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀pá méjèèjì ti fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì.

"Kí lẹ fi ń fọ̀ ọ́?"

"Yanrìn àti eérú. Ọdọọdún ni bàbá mi ń fọ̀ ọ́ títí táá fi máa kọ mànà. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ju àwa ọmọ lọ!"

"Ìfẹ́ yẹn ló jẹ irin ẹ̀ tán. Ọta tuntun méjì tó yọrí lápò yín yẹn, agbára wọn máa fà á ya ni."

"Kí n wá sọ fún mọ̀lẹ́bí pé obìnrin ló ní kí n má yìnbọn?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé Fọláyọ̀ ni orúkọ ẹ̀."

Ọláìtán gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá ọ̀pá náà fúnra rẹ̀. Ohùn òkú yẹn kan náà ni. Ó dorí kodò bíi pé bàbá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ bá mi fi òróró pa igi ẹ̀," ó sọ níkẹyìn. "Orí pósí ni màá gbé e lé. Màá yá ìbọn àbúrò bàbá mi yìn."

Ó kó ọta méjèèjì sórí tábìlì.

Fọláyọ̀ da òróró sórí àkísà. Láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti wọlé, ó rò pé ojú rẹ̀ ni òun ń wò. Kì í ṣe ojú. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń kà.

Mẹ́wàá ni wọ́n.