Ìdì Táwẹ̀lì Inú Bàsíà

“Iná ọ̀hún dà?”

Ohun tí obìnrin onínṣọ́ránsì kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, kó tó sọ báàgì kalẹ̀ léjìká. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ, bàtà rọ́bà bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, tọ́ọ̀ṣì ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀ tó ń dán gbinrin níwájú rẹ̀. Òórùn ọṣẹ ló kí i káàbọ̀. Wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri débi pé bíríkì ti ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà. Kò sí eérú, kò sí ẹyọ igi jíjó kan. Ihò ńlá kan ló ṣẹ́ kù lókè, tí ojú ọ̀run ń gbà á wolé, nítorí òrùlé tó lu nìkan ni wọn ò rí fọ̀.

Ìyá Funfun, tó ni ṣọ́ọ̀bù, fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bó ti wù kí táwẹ̀lì dọ̀tí tó nígbà tó bá wọlé, bí ẹ̀gbọ̀n òwú ló máa ń rí nígbà tó bá ń jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pàdé obìnrin onínṣọ́ránsì ní ibùdókọ̀ láàárọ̀ yẹn. Nígbà tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lánàá, dúdú ni ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ sì ti di irin lásán. Ẹni tó gbé fóònù nílé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti kìlọ̀ fún un pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun títí ẹni tó máa yẹ ibẹ̀ wò á fi dé. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní òun gbọ́. Ohun tí ọkọ rẹ̀ ò ṣe ni pé kó sọ fún ìyá tó bí i lọ́mọ.

Ìyá náà ló jáde láti ẹ̀yìn yìí, ó ká apá aṣọ sókè, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ mi,” ló wí fún àlejò. “Ẹ má wo bí ibí ṣe rí o. A ò tíì fọ fèrèsé.”

“Ẹ kú ewu iná, Màmá.” Ohùn obìnrin onínṣọ́ránsì rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára ògiri. “Ta ló fọ ibí?”

“Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí àlejò wá bá wa nínú irú ìdọ̀tí yẹn ni? Àwa tá à ń fọṣọ jẹun?”

“Àwọn igi tó jó ńkọ́?”

“Ọkọ̀ akólẹ̀ ti kó o. Mo bá wọn ṣe é wéré.”

Inú màmá dùn gan-an bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá Funfun ò mọ̀ bóyá kóun bú sẹ́kún ni tàbí kóun bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin arúgbó yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń fọṣọ níwájú ilé onílé. Lójú màmá, kò sí wàhálà kan láyé yìí tí èèyàn ò lè fi omi gbígbóná àti ọṣẹ dín kù.

Obìnrin onínṣọ́ránsì mí kanlẹ̀. “Ìyá Funfun, mi ò ní tàn yín. Ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní kí n wá wò. Tí mi ò bá rí i, kí ni màá lọ sọ fún wọn? Wọ́n á ní, ta ló ń fọ ibi tí iná ti jó kúrò nílẹ̀, tí kì í bá ṣe ẹni tó ní nǹkan tó ń fi pa mọ́?”

Ìyá Funfun rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ìnṣọ́ránsì ò bá san, kò sí ẹ̀rọ mọ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, iwájú ilé onílé ni yóò padà sí. Àgbà sì ti ń dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí ń dùn ún báyìí kò lè tẹ̀ lórí bàsíà láti àárọ̀ dalẹ́ mọ́.

Ọkọ rẹ̀, tó ń fi ọkọ̀ kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà, fà á lápá lọ sí kọ̀rọ̀.

“Wáyà ni kó o sọ,” ló sọ sí i létí. “Sọ pé wáyà ló ṣáná. Wáyà ò ní ìyá, kò ní bàbá, kò sẹ́ni tó máa bá a wí.”

“Ṣé wáyà ni lóòótọ́?”

“Èwo ni tìẹ nínú ìyẹn? Àwọn èèyàn yìí, àṣìṣe kékeré ni wọ́n ń wá kiri kí wọ́n má bàa san kọ́bọ̀. Má bá wọn wá a.”

Bóyá òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí aládùúgbò ti pariwo sí wọn pé èéfín ń jáde, ohun kan ti ń jẹ Ìyá Funfun lọ́kàn, kò sì jẹ́ kó rí oorun sùn: báwo? Ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná kó tó lọ sílé, ó sì fi kọ́ ara ìṣó. Ó pa ẹ̀rọ. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó tilẹ̀ padà wá tún un tì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Iná kì í ṣe àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn. Ó ti ní láti wà nínú ilé nígbà tóun ń tì í. Bí wọ́n tilẹ̀ san gbogbo owó náà lónìí, tí kò bá mọ ìdáhùn yìí, báwo ló ṣe fẹ́ tún ṣọ́ọ̀bù mìíràn tì lálẹ́, kó sì lọ sùn?

Ó rọra lọ sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri. Màmá ti fọ ìyẹn náà, ó mọ́ tónítóní. Kò yọ́, kò tẹ̀. Ó gbójú sókè, ó bá obìnrin onínṣọ́ránsì tó dúró sábẹ́ ihò òrùlé. Ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀, ó tún ń wo òkè, bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Níbí ló ti gbóná jù,” ni obìnrin náà wí, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. “Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?”

“Pẹpẹ igi ni,” ni Ìyá Funfun dáhùn. Ó ti ń sún mọ́ ọn láìmọ̀.

“Kí ló wà lórí ẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan. Aṣọ mímọ́ ni. Táwẹ̀lì àwọn tó ń fi òróró wọ́ èèyàn lára, àwọn tó wà ní ìkángun àdúgbò. A ti fọ̀ ọ́, a ti mú un gbẹ, a ti ká a.”

“Táwẹ̀lì yẹn dà?”

Ìyá Funfun rò ó pé ó ti bá ọkọ̀ akólẹ̀ lọ nìyẹn. Màmá ló tún ọ̀fun ṣe.

“Ó wà lẹ́yìn. Mo rẹ ẹ́.”

“Ẹ ṣe kí ni?”

“Mo rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ! Àbí aṣọ oníbàárà kọ́ ni? Ta ló ń da aṣọ oníbàárà nù?”

Obìnrin onínṣọ́ránsì ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti gba ẹ̀yìn lọ, bàtà rọ́bà ń dún fàfà, Ìyá Funfun sì tẹ̀ lé e. Lẹ́bàá ẹnu ẹ̀rọ omi ni bàsíà ńlá náà wà, ìfófòó ọṣẹ bo ojú rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀, kò bìkítà fún ṣòkòtò rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ inú bàsíà, ó sì gbé ìdì kan jáde tó ṣì wà ní kíká bí wọ́n ṣe ká a. Ìsàlẹ̀ òkìtì ni ìdì yìí ti wá, níbi tí gbogbo ẹrù yòókù tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Lóde, ó kàn pupa rẹ́súrẹ́sú bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù bà jẹ́ ni. Obìnrin náà ṣí táwẹ̀lì àkọ́kọ́, ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń wọnú lọ ni àwọ̀ ń ṣú sí i. Nígbà tí wọ́n dé àárín gbùngbùn, èédú ni wọ́n bá, aṣọ tí kì í ṣe aṣọ mọ́, tó ń rún sínú omi ọṣẹ.

“Ẹ wò ó,” ni obìnrin onínṣọ́ránsì wí. Ojú rẹ̀ ń tàn. “Ẹ wò ó dáadáa. Iná yìí ò ti ìta wọ inú aṣọ. Inú aṣọ ló ti jáde wá.”

“Inú aṣọ mímọ́?”

“Òróró kì í fẹ́ tán nínú òwú. Ẹ fọ̀ ọ́ títí, díẹ̀ á kù. Tí aṣọ bá ti inú ẹ̀rọ jáde, tó ṣì gbóná, tí wọ́n ká a bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tò ó léra, ooru inú ẹ̀ ò ríbi gbà jáde. Á máa gbóná sí i fúnra ẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ ti ti ilẹ̀kùn. Ẹ ti lọ sílé. Ẹ ti ń jẹun alẹ́. Òun wà níbẹ̀ tó ń gbóná.” Ó gbójú sókè. “Ṣé wọ́n fi nǹkan bò ó ni?”

Ìyá Funfun rí ọwọ́ ara rẹ̀ lójú ọkàn. Ó máa ń ká táwẹ̀lì nígbà tó bá gbóná débi pé ó fẹ́ẹ̀ jó o níka, nítorí ìgbà yẹn ni ìṣẹ́po rẹ̀ ń mú. Á tò ó, á fi kúbùsù nípọn bò ó kí ooru má sá, á wá gbé pákó lé e. Tó bá fi di ọjọ́ kejì, etí táwẹ̀lì á gún régé bíi pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Kò sí afọṣọ mìíràn ládùúgbò tó mọ̀ ọ́n ṣe. Òun ló ronú rẹ̀ kàn, ó sì ń fi yangàn.

“Ta ló ká wọn?” ni obìnrin náà béèrè.

Ọkọ rẹ̀, tó ti dé ẹ̀yìn wọn, wú ikọ́ líle kan. Màmá ya ẹnu, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Ẹ̀rù ba Ìyá Funfun gidigidi. Ojú tì í pẹ̀lú. Síbẹ̀, lábẹ́ ẹ̀rù àti ìtìjú yẹn, nǹkan kan tó ti há a láyà láti alẹ́ ọjọ́ iná tú sílẹ̀.

“Èmi ni,” ló wí. “Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ká a. Mo fi kúbùsù bò ó, mo sì gbé pákó lé e lórí.”

Obìnrin onínṣọ́ránsì mi orí díẹ̀díẹ̀, ó sì yọ kámẹ́rà jáde.

“Mo ti kọ́kọ́ wo wáyà yín nígbà tí mo wọlé,” ló wí, láìwo ẹnì kankan. “Kò sí ohun tó ṣe é.”

Ọkọ Ìyá Funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ihò òrùlé wò bí ẹni tó fẹ́ rà á.

“Ṣé wọ́n á san, Àǹtí?” ni Ìyá Funfun béèrè.

“Mi ò lè ṣèlérí. Fífọ̀ tẹ́ ẹ fọ ibí máa bí wọn nínú, wọ́n sì lè torí ẹ̀ gé nínú owó náà. Ṣùgbọ́n torí ìjàǹbá lẹ ṣe ń san owó fún wọn, ìjàǹbá sì ni mo rí. Ohun tí màá kọ nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. “Èmi ò tíì rí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun ọjà ẹ̀, tí wọ́n tún wá rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ fún un.”

Ó kó ìdì táwẹ̀lì náà sínú ọ̀rá. Màmá tẹ̀ lé e dé ojú títì, ó ń béèrè ọjọ́ tó máa dá a padà, nítorí oníbàárà á béèrè aṣọ.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ nígbà tí Ìyá Funfun délé. Ó bá ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń yàwòrán. Ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ náà ni òkìtì aṣọ ilé wà, èyí tí màmá wálé wá sá sóòrùn lọ́sàn-án, tó sì ká kó tó tún jáde, bí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń ká a gẹ́lẹ́: etí kan etí, kúbùsù lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Funfun máa ń kó o sí nígbà òtútù, kí ẹsẹ̀ ọmọ lè móoru.

Ó ṣí kúbùsù, ó sì ti ọwọ́ bọ àárín aṣọ. Òkè rẹ̀ ti tutù, àmọ́ inú lọ́hùn-ún ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ooru yìí ló máa ń sọ fún un pé iṣẹ́ òòjọ́ òun ti pé, pé òun ti ṣe dáadáa. Kò yọ ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Ó tẹ́ ọ̀kan sórí àga, ó fi ọ̀kan kọ́ ilẹ̀kùn, ó tẹ́ òmíràn sílẹ̀, títí yàrá fi kún fún aṣọ.

“Mọ́mì, kí lẹ wá ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ fún?”

“Mi ò bà á jẹ́. Mo fẹ́ kó tutù ni.”

Ọmọ náà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan táwẹ̀lì tó sún mọ́ ọn.

“Èyí ò tíì tutù,” ló wí.

“Mo mọ̀,” ni ìyá rẹ̀ dáhùn, ó sì jókòó tì í láti dúró dè é.