Bí Hafeezat Ṣe Yọ Orúkọ Àwọn Tó Ti Lọ

Ìtìjú Iléyá èṣí kò tíì tán lára ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Òmù-Àrán. Ẹran tí wọ́n máa ń pín fún àwọn àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni wọ́n gbé dé ilé Bàbá Sàláwù, tí wọ́n ń pe baba tó ti wọ káà ilẹ̀ láti oṣù mẹ́rin. Wosilat, opó rẹ̀, sunkún títí àwọn tó gbé ẹran wá fi bá a sun ún. Alága ẹgbẹ́, Alhaji Abdulganiyu, wá là á mọ́lẹ̀ fún Hafeezat tó ní òun lè fi kọ̀ǹpútà tọ́jú orúkọ àwọn àgbà: "Bí a bá tún pe òkú kan lọ́dún yìí, àwọn ará Èkó la ó gbé iṣẹ́ náà fún."

Hafeezat kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ó gbọ́ JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ìkànnì ayélujára, bí ẹní gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ó to orúkọ igba ó lé méjìlá sínú àtòjọ kan, agbolé dé agbolé, aya tẹ̀lé ọkọ, àbúrò tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n. Ó wá pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, kó máa kà wọ́n lọ, kó sì yọ ẹni tí òun bá ti sàmì sí pé ó ti kú.

Nígbà tí ìpàdé tí ẹgbẹ́ máa ti ka orúkọ àwọn àgbà ku ọjọ́ méjì, ó dán an wò. Bàbá Yàhàyá ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jàrátù, ìyàwó rẹ̀ tó kú tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ṣì wà níbẹ̀ gbagidi. Hafeezat ka gbogbo kóòdù náà, ìyẹn àwọn àṣẹ tó kọ, láti òkè délẹ̀, kò rí àṣìṣe kankan.

Àgbẹ̀ ni Sàlíhù, bàbá rẹ̀. Òun náà ló máa ń to àwọn èèyàn sí ìlà ìrun ní mọ́ṣáláṣí wọn. Kò ka kọ̀ǹpútà sí iṣẹ́ rárá. Ó ní ẹni tó bá jókòó sójú kan látàárọ̀, ìdí rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ojú ọmọ rẹ̀ tó rí lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Kí ló dé, Hafeezat?"

"Bàbá, mo ní kó yọ àwọn tó ti kú. Ó ń yọ wọ́n, àmọ́ ó ń fo àwọn kan."

"Bó o bá yọ ẹnì kan, ṣé àyè rẹ̀ á ṣófo ni?"

"Rárá, sà. Ẹni tó tẹ̀lé e á sún síbẹ̀. Gbogbo wọn ló máa sún."

"Ìwọ tó ń kà wọ́n ńkọ́?"

"Màá bọ́ sí nọ́ńbà tó kàn."

Sàlíhù jókòó tì í. "Bí ẹni kẹrin bá jáde lórí ìlà ìrun, ẹni karùn-ún á sún dí àyè rẹ̀. Òun ló di ẹni kẹrin yẹn. Bí mo bá wá ń wá ẹni karùn-ún lọ, mo ti fo ẹnì kan. Láti ìparí ni kó o ti máa kà wọ́n bọ̀. Nígbà náà, àwọn tó bá sún, o ti kà wọ́n tán."

Hafeezat wo bàbá rẹ̀ tí kò ka ìwé mẹ́fà tán. Ó yí kíkà náà padà, ìlà kan ṣoṣo ló tún kọ, Jàrátù sì lọ. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tì í díẹ̀, nítorí ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ yìí.

Ní ọjọ́ ìpàdé, Alága ní kí wọ́n ka àtòjọ náà sókè látòkè délẹ̀. Wọn kò pe òkú kankan, wọn kò sì fo alààyè kankan. Bashir, ẹnjiníà tó ti Èkó wá, yẹ kóòdù náà wò, ó ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀, ó sì bi Hafeezat pé ta ló kọ́ ọ láti kà á láti ìparí.

"Bàbá mi ni, sà." Hafeezat nawọ́ sí ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn pátápátá.

Alhaji Abdulganiyu ní iṣẹ́ náà kò lọ sí Èkó mọ́.

Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni láti gbọ̀ngàn dé ilé wọn. Sàlíhù gba ẹ̀yìn ọjà lọ́jọ́ náà, ó gba iwájú ilé gbogbo ẹni tó mọ̀, ó ń dúró kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Hafeezat ọmọ mi rèé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe." Ẹsẹ̀ ti ń ro Hafeezat kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, kò sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ káwọn yára.